‘Kí Ló Ṣe?’ àti ‘Kí Ló Ṣe É?’: Wèrè, Abísínwín àti Ohùn Ìyá nínú Ìtàn Àròsọ àti Fíìmù

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ fún obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ: wèrè àti abísínwín. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì nípa wíwo ìṣẹ̀dá wọn, ìlò wọn láwùjọ, àti ipa tí wọ́n ń kó nínú fíìmù Yorùbá, nínú The Joys of Motherhood (1979) tí Buchi Emecheta kọ, àti nínú Stay With Me (2017) tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ. Ohun tó fi hàn ni pé wèrè máa ń bi obìnrin ní ohun tó ṣe, nígbà tí abísínwín ń bèèrè ohun tó ṣe é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló gba ojú agbo nínú fíìmù àti nínú lámèyítọ́, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kejì ni èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti dáhùn tipẹ́.

Kókó ọ̀rọ̀: abísínwín, wèrè, abiyamọ, ìjẹ́wọ́, àbíkú, lámèyítọ́

Ìfáárà

Ní agbègbè Post Office ní Ìlọrin, níbi tí afárá gba òkè oríta kọjá tí onímọ́tò, oníkẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọlọ́kadà ti ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wèrè kì í ṣe orúkọ àìsàn. Èébú ni. Awakọ̀ tí ẹlòmíràn já lọ́nà yóò yọrí, yóò ní, ‘Wèrè ni ẹ́!’ Ẹni tí wọ́n bú yóò dá a padà, oníkálukú yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí ẹni tó jẹ́ pe ẹnì kejì ní abísínwín. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro í pè. Ọ̀rọ̀ náà gbé ìdí àti àkókò dání, èébú kì í sì í fẹ́ gbọ́ ìdí. Ẹni tó bá sọ pé obìnrin kan bímọ, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ dàrú, kò bú u. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un.

Èdè Yorùbá ní ọ̀nà kúkurú kan láti fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Bí wọ́n bá rí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, àwọn kan yóò bèèrè pé, ‘Kí ló ṣe?’ Àwọn mìíràn yóò ní, ‘Kí ló ṣe é?’ Arọ́pò orúkọ kan ṣoṣo ló wà láàárín ìbéèrè méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń wá ẹ̀ṣẹ̀, ti èkejì ń wá ìdí àìsàn. Lórí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ilé-ìwòsàn àti ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀, tàbí láàárín ìyè àti ikú.

Àìsàn tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Nínú obìnrin 1,000 tó bímọ, ó máa ń ṣe nǹkan bí 1 tàbí 2. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, òmíràn tilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oorun á dá lójú ìyá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì lè gbà pé ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ọmọ òun. Bí ìtọ́jú bá tètè dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbádùn padà. Bí kò bá dé, ewu wà fún ìyá, ó sì wà fún ọmọ. Ó yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, tó wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì: nínú ìwádìí tí Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 nípa àwọn obìnrin ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí i lára wọn.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà

Nínú àwọn ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, abisinwin ni wọ́n máa ń kọ, láìsí àmì ohùn. Àdánù ńlá ni. Bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ a- olóhùn àárín, bíi ti apẹja àti akọ̀wé, ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, ìyẹn ẹni tó bímọ tó sì sínwín. Bí ó bá jẹ́ à- olóhùn ìsàlẹ̀, bíi ti àbísọ àti àmútọ̀runwá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló di orúkọ, ìyẹn ìsínwín tó tara ìbímọ wá. Àmì kékeré kan ló dúró láàárín ènìyàn àti ohun tó ṣe ènìyàn. Ẹni tó bá yọ àmì náà kúrò ti da obìnrin náà àti àìsàn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, ohun tí wèrè sì ń ṣe gan-an nìyẹn, nítorí pé wèrè ni àìsàn náà, wèrè náà sì ni ẹni tó ń ṣe.

Ìfiwéra pẹ̀lú àbíkú tún lani lójú sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe bí ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nínú àbíkú, ọmọ ni wọ́n bí, ọmọ náà ló kú, ìyá tó bí i kò hàn nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Nínú abísínwín, ìyá ló bí, ìyá náà ló sínwín, ọmọ ni kò hàn. Bí ẹni pé èdè mọ̀ pé ìbímọ ní ẹni méjì, ó sì fi orúkọ pamọ́ fún ìpọ́njú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ kò pín in dọ́gba. Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark kọ ewì tí wọ́n pè ní ‘Abiku’. Ben Okri fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú The Famished Road (1991). Àbíkú di àmì fún orílẹ̀-èdè, fún ìrántí, fún ayé tó ń yí po. Abísínwín kò di àmì ohunkóhun, inú ìwé ìṣègùn ló kù sí.

Ibẹ̀ náà sì ni Raymond Prince ti bá a. Dókítà ọpọlọ ará Kánádà ni Prince, ó ṣiṣẹ́ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, ó sì bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jókòó láti gba orúkọ àwọn àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde ní 1964, nínú ìwé tí Ari Kiev ṣe olóòtú rẹ̀, abísínwín wà lára àwọn orúkọ náà, ó dá dúró lọ́tọ̀ sí àwọn ẹ̀yà wèrè yòókù. Ó yẹ kí èyí mú lámèyítọ́ ronú. Ní ilẹ̀ Faransé, Louis-Victor Marcé ti kọ odindi ìwé lórí irú àìsàn yìí ní 1858, síbẹ̀ títí di òní, ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kò kà á sí àìsàn tó dá dúró. Àfikún àlàyé ni wọ́n fi ìbímọ ṣe lẹ́yìn orúkọ àìsàn mìíràn. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ní tiwọn kò fi í sẹ́yìn. Iwájú ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n fi bí sí.

Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ògo tí kò yẹ fún ìṣègùn ìbílẹ̀. Àwọn oníṣègùn kan náà tó fún àìsàn náà ní orúkọ tó mọ́ máa ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò lè mú ara wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Orúkọ náà pẹ̀lú kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀sùn, nítorí ẹbí lè gbà pé ìbímọ ló fa á, kí wọ́n tún bèèrè pé ta ló wà nídìí ìbímọ náà: àjẹ́ ilé ni, àbí orogún, àbí ọkùnrin mìíràn tí obìnrin náà kò dárúkọ nígbà ìrọbí? Kìkì ohun tí orúkọ náà ṣe ni pé ó fi ìbéèrè ‘Kí ló ṣe é?’ ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí ‘Kí ló ṣe?’ ní láti rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjẹ́wọ́ nínú fíìmù

Fíìmù Yorùbá kì í rin ìrìn náà jìnnà. Ó ti di àṣà ìhun nínú ọ̀pọ̀ eré, láti ìgbà àwọn eré alárìnkiri títí dé orí fídíò, pé nígbà tí ìtàn bá ń parí, ìkà ẹ̀dá á ya wèrè. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, irun rẹ̀ á tú, ìró rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ já, á jáde sí gbangba, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà ibi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èmi ni mo pa ọmọ orogún mi, èmi ni mo so ọkọ mi mọ́lẹ̀. Àwọn tó yí i ká á máa ṣe háà, òtítọ́ á jáde, eré á parí. Iṣẹ́ méjì ni wèrè ń ṣe níbẹ̀. Ìjìyà ni, ẹ̀rí sì ni. Àwọn òǹwòran kò nílò adájọ́, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ìtàn, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹ̀san jẹ́ èrò tó jinlẹ̀ nínú ìwà ọmọlúàbí, eré sì ní ẹ̀tọ́ láti fi í hàn. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àṣà ìhun yìí bá kúrò lójú amóhùnmáwòrán tó sì di ojú tí wọ́n fi ń wo abiyamọ gidi. Lára ohun tí àìsàn yìí ń mú ìyá sọ ni ẹ̀sùn tó fi kan ara rẹ̀. Ó lè sọ pé òun ti jẹ ọmọ òun, pé òun ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì, pé kí wọ́n pa òun. Ẹbí tó ti wo fíìmù bí ọgọ́rùn-ún ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbọ́ igbe aláìsàn. Ìjẹ́wọ́ ni wọ́n gbọ́.

Ẹ̀rí pé irú àṣìgbọ́ yìí kì í ṣe àròbájọ wà ní ilẹ̀ Gánà. Margaret Field, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti dókítà ọpọlọ, jókòó sí àwọn ojúbọ ní ìgbèríko Ashanti, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1960 nínú ìwé Search for Security. Ó rí i pé lára àwọn obìnrin tó ń wá síbẹ̀ láti jẹ́wọ́ pé àjẹ́ làwọn, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ló ń bá wọn jà. Ohun tí ojúbọ kà sí ẹ̀rí, àmì àìsàn ni dókítà kà á sí. Lámèyítọ́ tó bá ń ka ìjẹ́wọ́ inú fíìmù gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tó jáde, láìbèèrè ipò tí ọkàn ẹni tó ń sọ ọ́ wà, ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojúbọ láìmọ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré kan fún obìnrin náà láàyè láti jẹ́ aláìsàn, ìbéèrè kan tó: ìgbà wo ló bímọ kẹ́yìn? Fíìmù tí kò lè dáhùn rẹ̀ kò ro obìnrin náà ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lórí afárá: The Joys of Motherhood

Ìtàn Emecheta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin tó ń sáré. Ìlú Èkó ni, ọdún 1934 ni. Nnu Ego jí, ó bá àkọ́bí rẹ̀ lókùú lórí ẹní, ó sì sá jáde lọ sí Carter Bridge kó lè bẹ́ sómi. Àwọn èrò pé lé e lórí, wọ́n dì í mú. Ọmọ Ìgbò ni Nnu Ego, ṣùgbọ́n èrò tó wà lórí afárá náà jẹ́ èrò Èkó, láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láàárín wọn yóò yé ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lábẹ́ afárá Post Office rí. Èrò ló máa ń kọ́kọ́ sọ ẹni lórúkọ. Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ gbà pé wèrè ni obìnrin náà, àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ló kú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbínú wọn rọ̀. Ó yé wọn.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò ka ìyípadà ọkàn yìí sí àánú, àánú sì ni lóòótọ́. Èrò náà kúrò ní ‘Kí ló ṣe?’, wọ́n dé ‘Kí ló ṣe é?’. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún un wò. Ohun tó gba Nnu Ego lọ́wọ́ orúkọ wèrè ni pé ìdí tó mú wá jẹ́ ìdí tí gbogbo wọn fara mọ́: obìnrin tí kò lọ́mọ kì í ṣe obìnrin. Èrò inú rẹ̀ àti èrò inú wọn bá ara mu. Ká ní ọmọ náà wà láàyè, tó lókun, tó ń sunkún nílé, tí ìyá rẹ̀ sì sáré lọ sórí afárá nítorí ohùn tó ń gbọ́ lórí, kí ni èrò náà ì bá wí? Àánú wọn dá lórí òkú ọmọ. Kò sí àánú níbẹ̀ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè tí òun fúnra rẹ̀ kò sì sí nílé ara rẹ̀ mọ́.

Òwe Yorùbá kan fi ibi tí bàtà ti ń ta hàn: wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tó ń wòran àti ẹni tó bí wèrè ni òwe náà rí. Kò ní ibùjókòó fún ẹni tó jẹ́ pé bíbí ló sọ òun gan-an di ẹni tí wọ́n ń wò. Òmíràn ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ tó le tó èyí lórí ìyá tí àìsàn dí létí, tàbí tó ń tatí sí ẹkún tí ọmọ kankan kò sun. Òwe kò purọ́, ohun tó wọ́pọ̀ ló sọ. Ẹni tó ṣubú síta ohun tó wọ́pọ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Ta ni yóò dúró ti ìyá? Stay With Me

Ìwé Adébáyọ̀, tó wà lára àwọn ìwé tó kángun sí gbígba Ẹ̀bùn Baileys ní 2017, mú ọ̀rọ̀ náà wálé sí Iléṣà. Yéjídé, onídìrí, àti Akin, òṣìṣẹ́ báńkì, ló ń sọ ìtàn náà ní àsọpadà. Yéjídé kò tíì bímọ, ẹbí ọkọ fẹ́ Fúnmi lé e lórí, ó gun òkè lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti lóyún. Ikùn rẹ̀ ń wú. Ẹ̀rọ ayẹ̀kùnwò àwọn dókítà kò rí ọmọ. Èyí kì í ṣe abísínwín, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ pè é bẹ́ẹ̀, torí kò tíì bí. Ṣùgbọ́n ìdílé ìpọ́njú kan náà ni wọ́n: ọmọ ni wọ́n fi ń wọn obìnrin títí ara àti ọkàn rẹ̀ fi gbà láti dá ọmọ tí kò sí.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ gidi dé. Ọláмide kú ní ìkókó. Ṣẹ̀san kú pẹ̀lú àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí Rótìmí dé, tí àìsàn kan náà wà lára rẹ̀, Yéjídé kò lè sún mọ́ ọn mọ́. Ó fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọmọ tó wà láàyè kí ikú rẹ̀ má baà rí òun bá. Ní ìkẹyìn ó fi Iléṣà sílẹ̀, ó gba Jos lọ. Ó rọrùn láti ka apá yìí bí ìwà ọ̀dájú, ó sì rọrùn láti kà á bí ìṣèlú ajẹmábo, ìyẹn obìnrin tó kọ ìgbékalẹ̀ tó ń ni ín lára. Ìkàwé méjèèjì ń bèèrè ohun tí Yéjídé ṣe. Ìkàwé kẹta, tó ń bèèrè ohun tó ṣe é, yóò rí ìyá tí ọ̀fọ̀ ti gba gbogbo ìmọ̀lára lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ́nà kan ṣoṣo tó kù.

Àkọlé ìwé náà ló ṣí èyí payá jù. Ìtumọ̀ Rótìmí, dúró tì mí, ni, orúkọ àbíkú tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí ọmọ kó má ṣe lọ. Ẹbí lọ́rọ̀ láti fi bẹ ọmọ. Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrójayé: odindi àká orúkọ ni àwọn Yorùbá kó jọ láti fi dá ọmọ dúró. Kò sí ẹni tó sọ ìyá kan ní Dúrótimí. Nínú ìwé yìí, ọmọ dúró, ìyá ló lọ, orúkọ náà sì padà dà lé ẹni tí wọn kò pè lórí. Agbára Adébáyọ̀ nìyí: ó jẹ́ kí Yéjídé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ìjẹ́wọ́ ló ń ṣe.

Ìkádìí

Bí obìnrin bá bímọ, àwọn èèyàn máa ń sọ pé a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Wọ́n á sì kí i pé, ẹ kú ewu. Ìkíni náà gbọ́n: ó jẹ́wọ́ pé ewu wà. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju pé ó kí ewu tó ti kọjá, nígbà tí ewu mìíràn ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ abísínwín ló ń rántí ewu kejì náà.

Adéoyè Lambo mọ ìtumọ̀ dídúró ti aláìsàn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro ní 1954, ó sọ pé kí aláìsàn wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, tí yóò bá a gbé láàárín àwọn ará abúlé. Òfin ìlú kò tètè tẹ̀ lé e. Òfin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí láti 1958 ṣì ń pe aláìsàn ní asínwín nínú orúkọ rẹ̀ gan-an, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù Kìíní, ọdún 2023. Ọdún 65 ló gbà kí òfin tó yí orúkọ padà.

Lámèyítọ́ kò nílò láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka obìnrin nínú ìwé ni wọ́n ṣe ń kà á lójú pópó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ láti rí ẹ̀san nínú gbogbo obìnrin tó tú irun ká nínú fíìmù yóò gbé ojú náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Post Office, bí ó bá rí obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tí omi ọyàn ti rin aṣọ rẹ̀ láyà. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló ṣe pàtàkì: kí ló ṣe, àbí kí ló ṣe é?